CV kì í gbani síṣẹ́, àbúrò

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. HND Accounting ni mo ní, mo ti sìnrú ìlú tán, Kabba ni mo ń gbé. Ẹnìkan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní òun á bá mi ṣe CV, ìwé tá a ń kọ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tá a ti ṣe sí, olójú ewé márùn-ún, pé tí n bá ti fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ní Obajana, wọn ò ní lè kọ̀ mí. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Okun, àbúrò. Má san kọ́bọ̀.

Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó ń bi mí, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń bí mi nínú. Ta ló sọ fún yín pé CV ń gbani síṣẹ́? Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kí ẹni tó ń kà á gbé fóònù kó ní kó o wá fún ìntáfíù. Alárinà ni. Tójú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀bá, ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹnu ẹ ló kù.

Ẹni tó wà ní HR yẹn, ìyẹn ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́, CV rẹpẹtẹ ló wà níwájú ẹ̀ tórí àyè ẹyọ kan, ó kàn ń sáré wojú ẹ̀ ni, ṣé eléyìí lè ṣiṣẹ́ tá a kéde yìí àbí kò lè ṣe é, tí kò bá ti rí i lókè ojú ewé àkọ́kọ́ ó ti ṣí ti ẹlòmíì nìyẹn. Kí wá lo fẹ́ kọ sí ojú ewé márùn-ún? Pé Iyara lo ti ka pámárì? Pé o fẹ́ràn bọ́ọ̀lù? Ojú ewé kan tó ẹ, méjì tó bá pọ̀ jù.

Má kọ "mo mọ Excel", gbogbo ayé ló ń kọ ọ́. Kọ ohun tó o fi í ṣe: pé níbi tó o ti sin NYSC ìwọ lò ń kọ owó iléèwé sílẹ̀, tó o sì ń fi sítétímẹ́ǹtì báǹkì yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Kódà tó bá jẹ́ ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìyá ẹ lò ń bá wọn ṣe, iṣẹ́ àkántì nìyẹn, kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lò nínú ìkéde ni kó o lò, tó bá jẹ́ òótọ́ o, torí àwọn iléeṣẹ́ ńlá míì, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ ṣa CV kí èèyàn tó rí i. Ìdí nìyẹn tí èyí tó o fi ránṣẹ́ sí Obajana ò fi lè rí bákan náà pẹ̀lú ti ọsibítù ECWA ní Egbe.

Má sì tìtorí CV parọ́. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ sàtífíkéètì ayédèrú lè gbé ẹ dé kọ́ọ̀tù. Mi ò sì ṣèlérí pé wọ́n á pè ẹ́, a jọ mọ bí iṣẹ́ ṣe rí nílùú yìí. Ẹni tó bá ní kó o sanwó kóun tó fún ẹ níṣẹ́, sá fún un.

Ó ku nọ́ńbà fóònù. Méjì ni kó o fi síbẹ̀, ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má lọ pè ẹ́ lọ́jọ́ tó o wà lóko ní Bunu kó má wọlé.