Orin tó bá ẹkún mu ni kó o kọ́kọ́ gbọ́

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ lálẹ́ àná, mi ò sì lè sùn láì dá ọ lóhùn. O ní ó ti pé oṣù mẹ́rin tí ìyá rẹ ti lọ, pé oorun ò kun ojú rẹ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní kó o máa gbọ́ orin ayọ̀ àti ohùn òjò lórí fóònù, o ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, ńṣe ni ọkàn rẹ ń bàjẹ́ sí i. O wá béèrè bóyá irọ́ ni wọ́n pa fún ọ pé orin ń wo ọgbẹ́ ọkàn. Wọn ò parọ́. Ibi tí wọ́n ní kó o ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa. Ojú mi rí i kí n tó mọ̀ ọ́n.

Adó-Èkìtì ni mò ń gbé. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni ọkọ mi kú. Òjò ńlá ló ń rọ̀ lóru ọjọ́ tá a gbé e lọ sí ọsibítù, ó ń lu òrùlé ọkọ̀ débi pé a ò gbọ́ ara wa. Ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Mo ní, “Kí lẹ wí?” Kò tún un sọ mọ́. Títí di òní mi ò mọ ohun tó sọ.

Ìwọ rò ó wò, èmi yìí ni wọ́n wá ní kí n máa fi ohùn òjò sùn. Mo gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́, torí wọ́n ní gbogbo ayé ló ń lò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé tí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, tí aṣọ sì ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Òjò ò ṣẹ̀ mí. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ń lu páànù, ilé ìyá rẹ̀ àgbà ló máa rántí, àti àgbàdo sísun, oorun á sì gbé e lọ. Èmi, inú ọkọ̀ yẹn ni mo máa ń padà sí. Nítorí náà, kó o tó fi ohùn kankan sétí lálẹ́, kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè ohun tí etí rẹ ń gbọ́ láàárín ọjọ́ tí ìyá rẹ ń lọ. Bóyá fáànù ni, bóyá orin ìsìn tí wọ́n ń kọ ní wọ́ọ̀dù, bóyá àdúrà òru láti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí. Ohun yòówù kó jẹ́, má fi ṣe oògùn oorun báyìí, bó ti wù kó dùn tó létí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Orin ayọ̀ náà, mo ṣe é. Àwọn ará ilé àdúrà wa ní kí n fi orin ìyìn kún ilé kí ìbànújẹ́ má baà ráyè jókòó. Láti òwúrọ̀ ni mo máa ń tan rédíò, tó bá sì di alẹ́ màá ki earpiece bọ etí. Àbúrò mi, ó dà bíi pé mo jókòó sórí ẹní tí mò ń sunkún, kí ẹnì kan wá dúró lé mi lórí, kó máa jó, kó sì máa fà mí lọ́wọ́ pé kí n dìde. Mi ò bínú sí orin yẹn o. Kò bá mi níbi tí mo wà ni. Nígbà tó yá, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń dún wíìì tí ilé bá ti pa rọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò béèrè iye wákàtí tí mò ń ki nǹkan bọ etí lójúmọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó mirí. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ni pé bí ohùn bá ga tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe ga tó), kò yẹ kí etí gbọ́ ọ ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ohùn bá ṣe ń ga sí i ni wákàtí yẹn ń dín kù kíákíá. Èmi ń gbọ́ tèmi láti alẹ́ di àárọ̀, mo sì ń yí i sókè kí n má baà gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì.

Oṣù kìíní ọdún 2020 ni ìyá mi kó ẹrù wá sílé mi láti Ìkọ́gòsì. Kò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo fẹ́. Alẹ́ ọjọ́ tó dé, ó pa rédíò mi, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da alámọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ará Èkìtì, alámọ̀ ni ohùn tí àwọn obìnrin wa fi ń sọ tẹnu wọn níbi ìyàwó, níbi òkú, níbi oyè. Ó wà láàárín orin àti ọ̀rọ̀, ó sì máa ń fà bí ẹni tó ń tú okùn. Ìyá mi pe ọkọ mi lórúkọ. Ó fi oríkì rẹ̀ sí i, ó fi ilé bàbá rẹ̀ sí i, ó ka àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù mẹ́rin, gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń sá fún orúkọ yẹn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe sun ún lójú oórì. Kò sọ pé “ó tó”. Ó ń bá a lọ, nígbà tó rí i pé èémí mi ti ń rọlẹ̀, òun náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó wá kù sí híhùn nínú imú, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ohun tó ṣe yẹn, àwọn tó ń fi orin ṣe ìtọ́jú mọ̀ ọ́n. Dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Ira Altshuler, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1948 pé orin tó bá ipò ọkàn aláìsàn mu ni kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀, kó tó máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tó fẹ́ kí ọkàn náà dé. Ìyá mi ò ka ìwé kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn tó bí i ló ti rí i pé a máa ń lọ pàdé ẹni tó ń sunkún níbi tó wà, ká tó jọ máa bọ̀.

Nǹkan kejì tó ṣe ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ló gbé mi dìde gan-an.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mi ò ti gún iyán. Iyán ni oúnjẹ rẹ̀. Tí àwọn ará ilé kejì bá ti ń gún tiwọn nírọ̀lẹ́, fèrèsé ni mo máa ń tì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti gbé odó síta, ó ti fọ̀ ọ́, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ọmọ odó méjì ló gbé ti ògiri. Ó ní, “A ó gún uyán lónìí.” Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, uyán, kò fi ohùn ilé sílẹ̀ rí. Mo ní mi ò lè gún un. Kò dá mi lóhùn. Ó da iṣu sínú odó, ó gbé ọmọ odó tirẹ̀ sókè, gbì. Ó dúró díẹ̀. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, gbì. Àyè tó fi sílẹ̀ láàárín, ọmọ odó kejì ló gbà gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ gún iyán láti kékeré kò lè jókòó kó máa wo irú àyè bẹ́ẹ̀. Mo dìde. Tirẹ̀ á balẹ̀, tèmi á balẹ̀. Nígbà tí iṣu ṣì le, ègé rẹ̀ ń ta jáde lódó, à ń rọra gún un. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ara wọn mú, ohùn rẹ̀ yí padà, ó nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó kó tó jẹ́ ká fà á yọ. Ìyá mi ń hùn sí i. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá ti ń bọ̀ nílẹ̀ ni mò ń mí síta, “hẹ̀n”, láìmọ̀. Omijé ń bọ́, mi ò dáwọ́ dúró nù ún. A jẹ iyán yẹn, ó ní kókó díẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sùn di ìdájí.

Nọ́ọ̀sì kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ló là á yé mi nígbà tó yá. Èémí tá a ń mí síta ló máa ń fa ọkàn sẹ́yìn kó má sáré mọ́. Bí èèyàn bá lè mí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré láàárín ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ kí mímí síta gùn ju fífà sínú lọ, lílù ọkàn á rọlẹ̀, ara á gbà pé ewu ti kọjá. Ẹni tí àìbalẹ̀ ọkàn ń dà láàmú a máa mí ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Orin kíkọ sì rèé, kò sí bó o ṣe lè kọ ìlà orin gígùn kan kó o má mí síta díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kó má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún fóònù. Ẹnu rẹ ni kó o fi hùn ún, ì báà jẹ́ ohùn rẹ ò dáa. Tó bá sì jẹ́ gbígbọ́ lásán lo fẹ́, wá èyí tí ìlù rẹ̀ ò yá ju ìrìn ẹni tó ń ti oko bọ̀, bíi 60 sí 80 lílù láàárín ìṣẹ́jú kan.

Oṣù kejì, ìyá mi mú mi lọ sílé, sí Ìkọ́gòsì. Ẹ mọ omi ibẹ̀: ọ̀kan gbóná, ó tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì níbi tó ti ń sun jáde, ọ̀kan tutù, wọ́n sì ń ṣàn wá pàdé ara wọn lábẹ́ igi. Mo ti ń lọ síbẹ̀ láti kékeré, wíwò ni mo máa ń wò ó. Lọ́jọ́ yẹn mo di ojú, mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo ni omi ń dún. Omi tó ń já lu òkúta ní tirẹ̀, èyí tó ń rọ́ lọ lábẹ́ ewé ní tirẹ̀, ẹyẹ ń dá sí i lókè igi. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀, ìṣẹ́jú méjìlá. Ìyá mi húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀, ọmọ kan sì ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tí mo fi ń sùn títí di òní nìyẹn, mo sì máa ń yí i wálẹ̀ débi pé mo ní láti dákẹ́ kí n tó gbọ́ ọ. Kì í jẹ dátà. Ìpolówó ọjà kì í bú jáde nínú rẹ̀ ní aago méjì òru. Ìwọ náà, gba ohùn tìrẹ sílẹ̀. Tó o bá sún mọ́ Ìpólé-Ìlórò, omi Àrìnta wà níbẹ̀ tó ń já láti orí àpáta. Tí kò bá sí owó ọkọ̀, àkùkọ àárọ̀ àti ìgbálẹ̀ àgbàlá ilé yín náà tó.

Mi ò fẹ́ kó o rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa gbà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Sọ́ọ̀lù nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 16 á rí i pé nígbàkígbà tí ẹ̀mí búburú bá dé ni Dáfídì máa ń mú dùùrù, ara á sì tu ọba náà. Ó ń padà wá, ó sì ń tún un ta. Nígbà tó máa fi di orí 18, Dáfídì ń ta dùùrù lọ́wọ́ ni Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ lù ú. Ohun tó wà nínú ọkàn Sọ́ọ̀lù nígbà yẹn ti kọjá ohun tí dùùrù nìkan lè ṣe.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni gbólóhùn kan tó o kọ nísàlẹ̀, tí àwọn yòókù fò kọjá. O ní láwọn àárọ̀ kan kì í wù ọ́ kó o jí mọ́. Àbúrò mi, má fi orin nìkan tọ́jú ìyẹn. Lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó, òmíràn wà ní Ìdó-Èkìtì. Sọ gbólóhùn yẹn fún wọn bó o ṣe kọ ọ́ gan-an, kó o sì sọ ọ́ fún ẹnì kan nínú ilé kó o tó sùn lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ Àrò, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, dẹ́rù bà ọ́, mọ̀ pé níbẹ̀ ní Abẹ́òkúta gan-an, ní ọdún 1954, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Láḿbò, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ilé nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Èmi náà lo oògùn fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú alámọ̀ ìyá mi, ojú ò tì mí. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane, àjọ tó ń ṣe àkójọ ìwádìí ìlera, gbé jáde ní 2017 náà fi hàn pé fífi orin ṣe ìtọ́jú, tí wọ́n bá fi kún ìtọ́jú tí aláìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń gbà tẹ́lẹ̀ ṣe é láǹfààní ju ìtọ́jú yẹn nìkan lọ.

Bó o bá dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, kọ̀wé sí mi. Orin wo ni ìyá rẹ máa ń hùn tó bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tó ń fọ abọ́? Kì í ṣe èyí tó ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì o, èyí tó ń hùn nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Bó bá jẹ́ ìlà kan péré lo rántí, kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí.