Tiyín ni ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ yín

Ìbéèrè yín kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ẹ ní ọdún mẹ́fà lẹ ti ń kọ àgbéyẹ̀wò ọjà sórí ìkànnì kan. Wọ́n yọ ọ̀kan kúrò láìsọ ìdí, wọ́n tún fi òmíràn polówó ọjà, ẹ wá ń béèrè pé ta gan-an ló ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ kí inú yín tó dùn, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Tọ́ọ̀ṣì àti àtùpà alábátìrì lèmi máa ń yẹ̀ wò. Mo máa ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan ó kéré tán kí n tó kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo sì máa ń padà wá fi ọ̀rọ̀ kún un lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọdún méje ni mo fi ṣe é, àgbéyẹ̀wò náà sì lé ní 400. Tààràtà lórí ìkànnì àgbéyẹ̀wò kan ni mo ti ń tẹ gbogbo rẹ̀, nínú àpótí kékeré tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún wa. N kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Nínú gbogbo àṣìṣe mi, èyí ló dùn mí jù.

Tọ́ọ̀ṣì kan wà tí mo kọ nípa rẹ̀ báyìí pé: "Iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àmọ́ nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, bátìrì rẹ̀ wú títí ìdí rẹ̀ fi là, ó sì gbóná débi pé ṣe ni mo jù ú sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sí iná mànàmáná kẹ́ ẹ lọ sùn." Ìràwọ̀ méjì ni mo fún un. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ímeèlì onílà méjì dé: mo ti rú àdéhùn, wọ́n ti ti àkáǹtì mi pa. Wọn ò sọ èyí tí mo rú. Nígbà tí mo wo ojú ewé ọjà náà bí àlejò, ìkìlọ̀ bátìrì yẹn ti pòórá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ṣì wà níbẹ̀ o, àmọ́ wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lórí wọn, wọ́n kọ "oníbàárà" dípò rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo rí gbólóhùn mi lójú ewé ẹni tó ń ta tọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ibẹ̀ ni wọ́n gé e sí.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Kì í ṣe tìtorí orúkọ mi. Ohun tó ń jà lọ́kàn mi ni pé ẹnì kan lè ka gbólóhùn yẹn, kó ra tọ́ọ̀ṣì náà, kó fi í sí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó ka àdéhùn ìlò tí mo ti fọwọ́ sí láti ọdún méje sẹ́yìn láìkà á. Àwọn kan á ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù, pé ẹni tó ni ìkànnì ló ni ohun tó bá wà lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1886, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà nínú rẹ̀ lónìí, fi hàn pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kọ nǹkan láti ìgbà tó ti kọ ọ́, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà sọ ọ́ ni tiyín. Pé tọ́ọ̀ṣì kan wúwo tó báyìí, tàbí pé bátìrì rẹ̀ ń wú, ìyẹn kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni àṣẹ tẹ́ ẹ fún wọn lé ohun tẹ́ ẹ ni lórí. Ẹ wo àdéhùn ìkànnì ìtajà Amazon bí àpẹẹrẹ. Kò gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ yín, àmọ́ ẹ ti yọ̀ǹda pé kí wọ́n lò ó, kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n gbé e jáde níbikíbi láyé. Wọn ò ní san kọ́bọ̀. Ìyọ̀ǹda náà kò lópin, ẹ ò lè gbà á padà, wọ́n sì lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìkànnì àgbéyẹ̀wò ló ní gbólóhùn tó jọ èyí, tèmi náà ní in. Gbogbo wọn kò rí bákan náà ṣá: ti Google sọ pé tẹ́ ẹ bá yọ ohun tẹ́ ẹ kọ kúrò, wọn ò ní máa fi í han aráyé mọ́ láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Ẹ wá gbólóhùn yìí nínú tiyín. Ẹ sì wò ó bóyá wọ́n sọ pé àwọn nìkan kọ́ lẹ fún láṣẹ. Bó bá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dí yín lọ́wọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ kan náà síbòmíràn.

Ohun tí èmi ò mọ̀ rárá nígbà yẹn ni pé ọ̀tọ̀ ni níní nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn láṣẹ lórí ibi tó wà. Bí ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá onílé ni. Ẹrù rẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ onílé ló ń ti ilẹ̀kùn. Agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà gbìyànjú èyí wò. Ẹnì kan kọ ohun tí kò dáa nípa rẹ̀ sórí Ripoff Report, ìkànnì táwọn oníbàárà ti ń fi ẹjọ́ sùn. Ó pe ẹni náà lẹ́jọ́, ó jàre, ó tiẹ̀ gba ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá fi èyí dojú kọ ìkànnì náà. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní kò lẹ́jọ́ wí, torí pé ẹni tó kọ ọ́ ti fún ìkànnì náà láṣẹ tí kò ṣeé gbà padà látìgbà tó ti fi í ránṣẹ́. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California sọ pé wọn ò lè fi tipátipá mú Yelp, tí òun náà jẹ́ ìkànnì àgbéyẹ̀wò, láti yọ àgbéyẹ̀wò kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ kan ti dá ẹni tó kọ ọ́ lẹ́bi. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1996 ni Yelp fara pa mọ́ sí, èyí tó ní kí wọ́n má ka ìkànnì sí ẹni tó sọ ohun tí ẹlòmíràn kọ síbẹ̀. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bà jẹ́ kò bá lè mú wọn yọ ọ́, ó ṣòro kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ tó mú wọn dá a padà.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà ni òfin ti ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Oníṣẹ́ ehín kan ní New York máa ń mú kí àwọn tó wá tọ́jú ehín fọwọ́ sí ìwé pé òun ló ni ohunkóhun tí wọ́n bá kọ nípa òun. Nígbà tí ọ̀kan kọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi ìwé yẹn lé àwọn ìkànnì kí wọ́n lè yọ ọ́, ó sì ń bu owó lé ọkùnrin náà lójoojúmọ́. Ọkùnrin náà jàre rẹ̀ ní 2015. Ní 2016, wọ́n ṣòfin ní Amẹ́ríkà pé irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́, ìbáà dí oníbàárà lẹ́nu, ìbáà gba ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù lẹ ń gbé, ọwọ́ yín le ju tèmi lọ: òfin GDPR, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, jẹ́ kẹ́ ẹ lè béèrè ẹ̀dà ìsọfúnni tẹ́ ẹ fi sọ́wọ́ wọn, oṣù kan ni wọ́n sì sábà máa ń ní láti dáhùn. Òfin DSA náà, tí wọ́n ṣe níbẹ̀ nípa àwọn ìkànnì, tó múlẹ̀ lórí gbogbo irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì 2024, ní kí wọ́n sọ ìdí fún ẹni tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò.

Ní ti èyí tí wọ́n fi polówó, ẹ má fi ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé jà. Mo gbìyànjú rẹ̀, ìkànnì náà kàn na ìka sí ìyọ̀ǹda tí mo fún un ni. Ibi tí ẹ ti lè mú wọn ni pé wọ́n yí ohun tẹ́ ẹ sọ po. Ìlànà FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó ń polówó kò gbọ́dọ̀ já ọ̀rọ̀ oníbàárà gbà tàbí kó tún un tò lọ́nà tó máa yí èrò rẹ̀ padà, òfin àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà sì lòdì sí ìpolówó tó ń tan oníbàárà jẹ. Mo fi àwòrán ojú ewé ìpolówó náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta tọ́ọ̀ṣì yẹn, mo fi odindi ohun tí mo kọ tì í pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́, mo fi gbólóhùn bátìrì yẹn hàn án, mo ní kó gbé e síta lódindi tàbí kó yọ ọ́. Mo fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbólóhùn náà kúrò níbẹ̀. Wọn ò fèsì kan ṣoṣo.

Níbo ni mo ti rí odindi rẹ̀? Lórí Wayback Machine ti Internet Archive ni, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì sí. Ó ti ya ojú ewé yẹn pamọ́ kí wọ́n tó yọ ọ̀rọ̀ mi, orí ló bá mi ṣe é. Nínú 400 àti lé, 31 péré ni mo rí gbà padà níbẹ̀. Torí náà, kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan sí wọn lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ wọlé nígbà tí àkáǹtì yín ṣì ń ṣí, kẹ́ ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìràwọ̀ tẹ́ ẹ fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Bí wọn ò bá ní ibi tí wọ́n ti ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dà á kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wá èyí tí wọ́n yọ yẹn lórí Wayback Machine. Èmi kì í tẹ nǹkan kan sínú àpótí wọn mọ́. Inú fáìlì ara mi ni mo ti ń kọ ọ́, màá wá gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Mo ti gbé ìkìlọ̀ bátìrì yẹn sí ìkànnì méjì mìíràn. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan tó kà á kọ̀wé sí mi pé ìdí tọ́ọ̀ṣì tòun náà ti ń là, àti pé òun ti yọ ọ́ kúrò nínú iná.