Ẹ Má Jẹ́ Kó Fọ Fóòmù Inú Fíltà Yẹn: Ìbéèrè Yín Lórí Táǹkì Ẹja Àlòkù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan nítòsí ibi iṣẹ́ mi ní Sùúrùlérè fẹ́ japa, ó ń ta gbogbo ẹrù ilé ẹ̀, mo wá rí táǹkì ẹja kan níbẹ̀ tí ojú mi ò kúrò lára ẹ̀. Ó gùn ní fíìtì mẹ́rin, ó fẹ̀ ní fíìtì kan ààbọ̀, ó ga ní fíìtì méjì. ₦120,000 ló pè é, pẹ̀lú tábìlì irin àti fíltà tó ń sẹ́ omi ẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, ìyàwó mi sì ní tí mo bá gbé e délé, ó máa já dẹ́kìn lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó? Ẹ sì bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi. Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì gan-an ni, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ló lọ́gbọ́n nínú jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Omi tí táǹkì yẹn máa gbà á tó lítà 340, lítà omi kan sì rèé, kílò kan ni, tẹ́ẹ bá wá fi gíláàsì fúnra ẹ̀ kún un, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ẹ máa dà sísàlẹ̀, ẹ ti ń lọ sí kílò 450 nìyẹn, àpò símẹ́ńtì mẹ́sàn-án tí wọ́n tò lé ara wọn lójú kan ṣoṣo, tọ̀sán tòru. Dẹ́kìn tí wọ́n dà dáadáa lè gbé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàárín pálọ̀ o. Ògiri ni kẹ́ẹ gbé e tì, ògiri tí òmíràn wà lábẹ́ ẹ̀ nílé ìsàlẹ̀. Tí dẹ́kìn yín bá ti sán, tàbí tẹ́ẹ ti ń rí irin ẹ̀ tó dípẹtà, ẹ fọkàn kúrò lọ́rọ̀ òkè, àyàfi tí ẹnjiníà bá wò ó tó ní kò séwu.

Owó ńkọ́? Ẹ má tíì san án. Ẹ ní kó gbé táǹkì síta, sórí símẹ́ńtì tó tẹ́jú, kẹ́ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ẹ pọnmi kún un títí dókè, kẹ́ẹ wá to ìwé ìròyìn gbígbẹ yí ìdí ẹ̀ ká. Ó kéré tán, kó sùn bẹ́ẹ̀ kó jí. Ìwé ìròyìn kì í purọ́, ibi tó bá ti rin, ibẹ̀ ló ti ń jò. Kẹ́ẹ tó pọnmi rárá, ẹ fi èékánná họ silicone, gọ́ọ̀mù tó lẹ gíláàsì pọ̀, tó wà ní igun inú ẹ̀: tó bá rọ̀ tó sì dì mọ́ gíláàsì, ó dáa, ṣùgbọ́n tó bá ti le gbagidi, tí etí ẹ̀ ń ṣí bí àwọ̀ àlùbọ́sà, owó tẹ́ẹ máa fi tún un ṣe lẹ kọ́kọ́ yọ kúrò nínú 120 yẹn.

Èmi gan-an ti fara gbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó tà á fún mi ní kò jò rí, òótọ́ ló sì sọ, ohun tí ò kàn sọ ni pé ó ti tó ọdún méjì tó ti gbẹ síbẹ̀ tí ò rómi. Aago mẹ́ta òru ni mo gbọ́ tó, tó, tó, mo rò pé òjò ni, ìgbà tí mo fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni mo mọ̀ pé inú ilé ni òjò ọ̀hún wà. Ẹ sì wò ó, tó bá jò, ẹ má wulẹ̀ fi silicone tuntun pa á lórí, tuntun kì í dì mọ́ ògbólógbòó. Bíléèdì lẹ máa fi ha ti àtijọ́ kúrò pátápátá, kẹ́ẹ ra silicone gidi tí wọn ò fi oògùn tó ń pa ohun tó máa ń hù síbi tó bá rin sí (èyí tí wọ́n ń lò ní bálùwẹ̀ máa ń ní oògùn yẹn, ó sì lè pa ẹja), kẹ́ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kómi tó kàn án.

Ti gbígbé ò lọ títí. Kó má sí omi, kó má sí òkúta nínú ẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin, ìdí ẹ̀ ni kí wọ́n dì mú, kì í ṣe gíláàsì tó dábùú òkè, kó sì jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì nínú ọkọ̀. Tẹ́ẹ bá délé, ẹ fi lẹ́fẹ́lì kápẹ́ńtà wọn tábìlì kẹ́ẹ tó gbé e lé e.

Ohun tó tiẹ̀ jẹ́ kí n sáré dá yín lóhùn ni fíltà yẹn. Ẹni tó fẹ́ japa yìí máa fẹ́ ṣe yín lóore, á ní kóun fọ̀ ọ́ mọ́ fún yín, á da ọṣẹ sí i, á bó fóòmù inú ẹ̀ títí táá fi funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí kẹ́ẹ ní kó má fọwọ́ kàn án! Fóòmù dúdú tó rí játijàti yẹn níye lórí ju tábìlì irin lọ. Ìtọ̀ ẹja, ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọ́n jẹ kù, ammonia ni gbogbo ẹ̀ ń dà nínú omi, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò kan tójú ò lè rí ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí ìyẹn náà ṣì ń pa ẹja, àwọn mìíràn á tún wá sọ nitrite di nitrate, tí omi tẹ́ẹ bá ń pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa kó lọ. Inú fóòmù yẹn ni wọ́n pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láìní wọn lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kómi ẹ̀ tó gbẹja. Ẹ bu omi inú táǹkì ọ̀hún sí garawa, ẹ ri fóòmù sí i, ẹ má dé e pa, kó sì wọ fíltà nílé yín lọ́jọ́ yẹn náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ra àlòkù, mo fọ̀ ọ́ tónítóní, mo da omi bọ́ọ̀hóòlù sí i, mo kó goldfish 12 sí i lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ kẹta omi funfun bí omi ògì, ọjọ́ kẹsàn-án mẹ́jọ ti kú. Àǹtí mi ní ẹnì kan ló wo ẹja náà lójú burúkú. Àbúrò yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Bá mi sọ fún Àǹtí pé kò sẹ́ni tó wò wọ́n, ammonia ni. Goldfish máa ń yàgbẹ́ gan-an, o sì kó 12 sínú omi tí ò ní kòkòrò kan tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Pààrọ̀ ìdajì omi yẹn lónìí, má fún àwọn mẹ́rin tó kù lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, kó o tún máa pààrọ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi sinmi àtimáa gbé ẹnu sókè omi. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba lo ń lò, klorín wà nínú ẹ̀, jẹ́ kó sùn nínú garawa tó ṣí sílẹ̀ kó o tó dà á. Má sì pa fíltà lóru nítorí ariwo. Tí NEPA bá mú iná lọ fún wákàtí púpọ̀, àwọn kòkòrò yẹn ò rí atẹ́gùn mọ́, wọ́n á máa kú nìyẹn. Wá pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ó wúlò ju jẹnẹrétọ̀ tó o máa ní o máa tàn lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè sin ẹja àrọ̀ nínú táǹkì pálọ̀? Ìyá Ọlọ́ja, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: Mà, á dàgbà ju táǹkì lọ, á sì fò jáde lóru. Ẹ wá kribensis dípò ẹ̀, ẹja omi tiwa ni, àwọn odò ìsàlẹ̀ Nàìjíríà níbí ló ti wá, táwọn òyìnbó ń sìn ín káàkiri. Kì í gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí abo bá sì fẹ́ yé ẹyin, ikùn ẹ̀ á pọ́n dòò. Ẹ kàn da àpáàdì kan dojú bolẹ̀ fún wọn ní kọ̀rọ̀. Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa yé sí, ẹja yòówù tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ yẹn, á gba tiẹ̀.