Irun kíkí lórí òkun: ìdílé kan fẹ́ lọ wo ẹja ní erékùṣù Zanzibar

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum, Àlùfáà wa. Òkè-Àró níbí ní Akúrẹ́ ni à ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Dar es Salaam, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, ní kí èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní Zanzibar nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. Wọ́n ti sanwó ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ó kúrò ní Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ní ìlú Zanzibar, a ó kọ́kọ́ yà sí erékùṣù Changuu níbi tí àwọn ìjàpá ńlá wà, lẹ́yìn náà a ó lọ sórí iyanrìn tí wọ́n ń pè ní Nakupenda. Ibẹ̀ la ó ti fi awò bo ojú àti imú, ká fi páìpù sẹ́nu, ká wá dojú bolẹ̀ lórí omi láti wo ẹja. Ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ká tó padà. Ìyá ọkọ mi ní Mùsùlùmí kì í fi òkun ṣeré, pé ilé onílé ni. Ọkọ mi ní kò sí wàhálà, pé irun tí a kò bá rí kí lọ́sàn-án, a ó kó o kí lálẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wọ̀ mí létí. Ṣé omi iyọ̀ ṣe é fi ṣe àlùwàlá? Aṣọ wo ni mo lè wọ̀ wọnú omi?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullaahi wa barakaatuh.

Arábìnrin mi, ọ̀dọ̀ ọkọ yín ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí tiwọn ló le jù. Súrà An-Nisaa, aaya 103, sọ pé irun jẹ́ ọ̀ranyàn tí a dá àkókò fún lórí àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Ẹni tó sùn lọ àti ẹni tó gbàgbé ní àwáwí, wọ́n á san án nígbà tí wọ́n bá jí tàbí tí wọ́n bá rántí. Ẹni tí ojú rẹ̀ là kedere tó ń fi awò wo ẹja kò sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọkọ yín ń sá fún yìí kò tó nǹkan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ ti kí Sùbúhì kí ẹ tó jáde. Aago Zanzibar fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa, ìgbà tí aago méjìlá ọ̀sán bá sì ti lé díẹ̀ ni Àyìlà, irun ọ̀sán, máa ń wọlé níbẹ̀. Alásárì, irun ìrọ̀lẹ́, á wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin, ẹ ó sì ti máa dé èbúté nígbà náà. Irun kan ṣoṣo ló bọ́ sáàárín gbogbo ìgbádùn yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, “Ṣebí arìnrìn-àjò ni wọ́n, kí wọ́n kó Àyìlà àti Alásárì pọ̀, kí wọ́n sì gé e sí rákà méjì-méjì.” Ẹ má tíì yára. Nínú mazhab (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Ìmáàmù Maalik tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́ nílẹ̀ Yorùbá, arìnrìn-àjò tó bá ti ní in lọ́kàn pé òun á lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko síbì kan ti di onílé níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ fẹ́ lò. Láti ìgbà tí ẹ bá ti jáde kúrò ní Akúrẹ́, ẹ lè máa gé irun kúrú títí ẹ ó fi dé Zanzibar. Níbẹ̀ ló parí sí. Ìrìn ọkọ̀ ojú omi yẹn kò sì lè dá a padà, nítorí Stone Town sí Changuu kò tó kìlómítà mẹ́wàá, nígbà tí ìrìn tó ń jẹ́ ká gé irun tó máìlì 48, èyí tó lé ní kìlómítà 75. Rákà mẹ́rin pérépéré ni Àyìlà yín. Àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìmáàmù onímazhab mìíràn lẹ ti ń kírun tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ bi í.

Ti kíkó irun pọ̀ tún dùn-ún gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Shaykh Khalil, àgbà onímọ̀ nínú mazhab Maalik, ń sọ ìrọ̀rùn tó wà fún arìnrìn-àjò láti kó Àyìlà àti Alásárì pọ̀, ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan há a: bi barr, ìyẹn lórí ilẹ̀. Ẹni tó ń gun ẹran lọ ní aginjù ni sísọ̀ kalẹ̀ máa ń ni lára. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi kàn lè dìde níbi tó wà kó kírun. Àwọn mazhab mìíràn kò ya òkun sọ́tọ̀, mi ò sì bá ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn jà. Ẹ̀yin kò ṣáà nílò rẹ̀.

Ibo lẹ ó ti kí i, ìyẹn ni kí ẹ bá awakọ̀ ọkọ̀ ojú omi sọ kí ẹ tó wọlé. Ojú kò ní tì yín: Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Zanzibar, ó ṣeé ṣe kí òun náà ti ní ibi tó máa ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Changuu ni ilẹ̀ tó le. Nakupenda, iyanrìn lásán ni, tí omi òkun bá kún, á bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ìgbà tí omi máa kún lọ́jọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ inú ọkọ̀ ni àkókò ti fẹ́ lọ tán lé yín lórí, wọ́n ti bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè irun inú ọkọ̀ ojú omi, ó ní kí ènìyàn kí i ní ìdúró àyàfi tó bá ń bẹ̀rù pé òun á rì. Èmi alára ti kí Àyìlà rí láàárín Ìgbọ́kọ̀dá sí Ayétòrò, nígbà tí a ń lọ so yìgì lọ́hùn-ún. Ìjókòó ni mo fi kí i. Ọkọ̀ náà kéré débi pé tí mo bá dìde, gbogbo wa pẹ̀lú ọkọ ìyàwó la ó jọ wẹ̀.

Ẹ má gbàgbé kíbílà, apá ibi tí a ń kọjú sí kírun, o! Gábàsì là ń pè é, nítorí apá ibi tí oòrùn ti ń yọ la máa ń kọjú sí nílé. Ní Zanzibar, Mẹ́kà wà ní àríwá gan-an sí wọn. Ẹni tó bá fi kíbílà ti Akúrẹ́ kírun níbẹ̀, òkun lásán ló kọjú sí.

Ti àlùwàlá: ọkùnrin kan sọ fún Ànábì pé àwọn máa ń rìn lórí òkun, omi mímu díẹ̀ làwọn máa ń gbé dání, táwọn bá fi ṣe àlùwàlá òùngbẹ á gbẹ àwọn. Ànábì ní òkun náà, omi rẹ̀ ń ṣe ìmọ́tótó, òkú ẹran inú rẹ̀ sì jẹ́ haláàlì. Gbólóhùn kan yẹn ti dáhùn omi, ó tún ti dáhùn oúnjẹ ọ̀sán yín: ẹja, edé, alákàn, kódà èyí tó ní ọwọ́ mẹ́jọ tí wọ́n máa ń yan níbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: bíbẹ́ sínú omi lásán kì í ṣe àlùwàlá lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbọ́dọ̀ ní àníyàn, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra ara. Ìpara oòrùn tó bá ti wọra kò ba nǹkan jẹ́, èyí tó bá dì funfun sójú bí ẹfun ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iyanrìn ṣe tayamámù, àlùwàlá ẹni tí kò rí omi, níbẹ̀. Ẹni tí òkun yí ká!

Aṣọ wá. Gbogbo ara obìnrin yàtọ̀ sí ojú àti ọwọ́ ni kí ó bò lójú àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ tàbí ẹbí tí kò lè fẹ́ ẹ, omi kò sì yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ wọ jalabíà gbàgẹ̀rẹ̀ wọ òkun, ó máa ń dì mọ́ ẹsẹ̀, ó sì lè fa ènìyàn rì. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní burkini wà. Tí owó rẹ̀ bá ga, kí tẹ́lọ̀ yín rán ṣòkòtò tí kò fún àti bùbá tó dé orúnkún, kó fi aṣọ tí kì í mu omi rán an. Áńkárá á lẹ̀ mọ́ ara. Jákẹ́ẹ̀tì tí ń mú ènìyàn léfòó á tún bo àyà lé e. Ọkọ yín ni kó bá yín so awò yẹn mọ́ orí, kì í ṣe ọmọkùnrin tó ń darí yín. Ọkọ yín náà, kí wọ́n má wọ pátá kékeré o, láti ìdodo dé orúnkún ni tiwọn. Ẹ kó aṣọ gbígbẹ àti ìborùn sínú báàgì fún irun.

Ìyá ọkọ yín ló kù. Ẹ fi ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ yín àti ìkúnlẹ̀ yín sọ fún wọn pé òkun kò ní onílé mìíràn. Súrà An-Nahl, aaya 14, ní Ọlọ́hun ló rọ òkun fún wa ká lè jẹ ẹran tútù inú rẹ̀, ká sì mú ohun ọ̀ṣọ́ jáde níbẹ̀. Súrà Ar-Rahmaan sì dárúkọ márjàn, ìyẹn iyùn. Iyùn tí ọba ń fi sọ́rùn, ẹbí rẹ̀ ni ẹ máa rí tó ń hù lábẹ́ omi bí igbó, ohun ẹlẹ́mìí ni, tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń kú. Ẹ wò ó, ẹ má ṣẹ́ ẹ wálé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ ju kọ́bọ̀ sómi kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹbọ nìyẹn.

Síbẹ̀ màmá kò jẹ̀bi tán. Odò Àlà ni àwa ará Akúrẹ́ mọ̀, lẹ́ẹ̀rùn kì í sì í dé orúnkún. Aaya 195 nínú Súrà Al-Baqarah ní ká má fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun. Ọmọ tí kò bá mọ omi wẹ̀, kó wà nínú jákẹ́ẹ̀tì láti èbúté dé èbúté, kí àgbàlagbà kan sì dì í lọ́wọ́ mú.

Tí ẹ bá wọ ọkọ̀, àdúà Ànábì Nuhu ni kí ẹ ka: Bismillaahi majreehaa wa mursaahaa, inna Rabbii la Gafuurun Rahiim. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé fún màmá, kí àwọn náà máa kà á láti Òkè-Àró ní aago mẹ́fà àárọ̀ tiwa, tí í ṣe aago mẹ́jọ tiyín.

Wallaahu a'lam.