Pickup 504 tí bátìrì rẹ̀ ń kú mọ́jú: ẹ má tíì fi owó alternator ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ ní Peugeot 504 pickup bàbá yín ṣì ń ṣiṣẹ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, àbúrò yín ló ń fi kó gààrí, bátìrì ń kú mọ́jú, ẹ ti ra tuntun lẹ́ẹ̀mejì láti London, riwáyà sì ti ní alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì, ni ká rà báyìí. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti wọn nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi owó mítà ránṣẹ́ sí àbúrò yín, èyí kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta wáyà àti súìsì ló ti máa rí i, owó rẹ̀ ò sì dé ìdajì ìdajì owó bátìrì. Ọwọ́ àbúrò yín ni kí mítà náà wà, kó má jẹ́ ọwọ́ riwáyà. Kó pè yín lórí fídíò WhatsApp láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. (Tó bá jẹ́ àkókò òtútù, aago mẹ́fà n'Íjẹ̀bú, aago márùn-ún ni lọ́dọ̀ yín. Ẹ fara dà á.)

Kó yí mítà sí DC 20 fóltì, kó fi wáyà pupa kan orí pọ́sítíìfù, kó fi dúdú kan nẹ́gátíìfù. Orí bátìrì gan-an ni o, kì í ṣe irin tẹ́mínà tó dè mọ́ ọn. Tó bá ka 12.6, bátìrì kún. 12.2, ó ti tó ìdajì. Tó bá ti wọ 11, ebi ń pa á. Lẹ́yìn náà, kó sítáàtì, kó fẹsẹ̀ tẹ iná (accelerator) díẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́n níbi kan náà. Ohun tí a ń wá ni 13.8 sí 14.4. Kó wá tan iná iwájú àti wáípà pa pọ̀. Kò yẹ kó já wálẹ̀ sí 12.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyí, nítorí bátìrì méjì tó ti lọ yẹn. Tí nọ́ńbà yẹn bá kọjá 15, alternator ò kú rárá, ńṣe ló ń ṣáàjì jù. Regulator, ohun tó ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, ni kò dá a dúró mọ́. Bátìrì á máa hó, omi inú rẹ̀ á máa tètè gbẹ, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ó ti gbọ́ òórùn yẹn rí. Lára 504 àtijọ́, regulator sábà máa ń dá dúró lọ́tọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè ra alternator tuntun kí regulator burúkú yẹn ṣì wà níbẹ̀, kó sì jẹ bátìrì kẹta.

Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ àmọ́ nọ́ńbà ò kúrò ní 12, a jẹ́ pé kò ṣáàjì lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kó yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, kó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná pupa bátìrì gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, gílóòbù ti jó tàbí wáyà rẹ̀ ti já. Nínú àwọn ọkọ̀ ayé àtijọ́ wọ̀nyí, iná tó ń jí alternator, inú gílóòbù yẹn ló ń gbà kọjá. Tí kò bá sí i, alternator á kàn máa yí lásán. Mélòó lára wọn ni wọ́n ti jù sórí ààtàn nítorí gílóòbù kan ṣoṣo!

Tó bá tàn, tó sì ń tàn lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sítáàtì, kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ fánbẹ́ẹ̀tì wò bóyá ó ti dẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kábọ́ọ̀nù inú alternator, èyí tí àwọn tó ń tún alternator ṣe lè pààrọ̀ láìsí pé ẹ ra odindi.

Kó tún yẹ nẹ́gátíìfù wò. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí iná iwájú wà ní títàn, kó fi wáyà dúdú mítà kan orí nẹ́gátíìfù bátìrì, kó fi pupa kan irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà. Tó bá ju 0.2 lọ, wáyà tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀ ti dípẹtà. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi sáńpépà ha á, kí wọ́n dè é le.

Ó lè jẹ́ pé ó ń ṣáàjì dáadáa, 14 géérégé, síbẹ̀ tó ń kú mọ́jú. Nǹkan kan ló ń mu ún lóru nìyẹn: rédíò, tracker, tàbí díódì (ohun tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn) inú alternator fúnra rẹ̀. Kó pa gbogbo nǹkan, kó yọ wáyà nẹ́gátíìfù, kó ki wáyà pupa mítà sí ihò 10A, kó yí i sí 10A, kó fi mítà so wáyà tó yọ náà mọ́ orí bátìrì. Kó má sítáàtì rárá ní ipò yẹn, mítà á jó. Tó bá ju 0.05 lọ, kó máa yọ fíúsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà fi máa já wálẹ̀. 504 ò ní fíúsì púpọ̀, kò ní pẹ́.

Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti wá àwòrán wáyà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀, ọwọ́ tó ti wọ inú wáyà ti bàbá yín ti pọ̀ jù. Pupa lè ti di àwọ̀ ewé láàárín ọ̀nà.

Ohun kan wà tí àbúrò yín ò gbọdọ̀ gbà, bó ti wù kí riwáyà náà dàgbà tó: kí wọ́n yọ tẹ́mínà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi mọ̀ bóyá alternator dára. Ayé dáínámò ni wọ́n ti mú àṣà yẹn bọ̀. Lára alternator, ó lè jó díódì àti regulator lójú ẹsẹ̀. Kó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi mítà wọ̀n ọ́n."

Tó bá wá di dandan pé ká ra alternator, Gate n'Íbàdàn tàbí Ládìpọ̀ ní Mushin ni kí wọ́n lọ. Tòkunbọ̀ ò burú, àmọ́ kí wọ́n dán an wò lójú àbúrò yín kó tó sanwó. Tí wọ́n bá fi ti Toyota dípò rẹ̀, ẹ ní kó fi hàn yín lórí fídíò pé fánbẹ́ẹ̀tì tò gún, àti pé wáyà iná pupa wọ ibi tí wọ́n kọ L sí. Kó gba ògbólógbòó padà, kó má fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ kọ nọ́ńbà àárọ̀, nọ́ńbà ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àti bóyá iná pupa ń tàn síbí. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.