Èsì: Egungun inú idà fọ́ọ̀mù àti orí rẹ̀ tó ń ya

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá igi mọ́ọ̀pù lè jẹ́ egungun (ìyẹn ọ̀pá inú) idà fọ́ọ̀mù tí a fi ń ṣeré ìjà, àti ohun tó mú kí orí idà yín ya. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo igi rárá, nítorí pé bó bá ṣẹ́ nínú fọ́ọ̀mù, ṣóńṣó rẹ̀ yóò mú bí ọ̀kọ̀, ẹni tí ẹ bá fi lù ni yóò sì fara gbọgbẹ́. Páìpù oníke tí wọ́n ń pè ní PVC ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ní ti orí tó ya, ẹnu páìpù tí a gé ló ń jẹ fọ́ọ̀mù láti inú. Ẹ fi sáńpépà ha etí rẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ fi ìdérí dí i, kí ẹ sì jẹ́ kí fọ́ọ̀mù tó nípọn gùn kọjá ibẹ̀ dáadáa. Orí náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ihò ojú ènìyàn lọ.

Fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì kò wúlò, torí pé bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, wẹ́rẹ́ ni ẹ ó kan páìpù. Aṣọ ni kí ẹ fi bo idà náà. Téèpù tí a wé pinpin máa ń sọ fọ́ọ̀mù di líle, bó tilẹ̀ rẹwà lójú. Nínú Dagorhir, ẹgbẹ́ tó ń fi ohun ìjà fọ́ọ̀mù ṣeré ogun ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń yẹ ohun ìjà wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ fi tiyín lu ara yín lẹ́sẹ̀ ná.