Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: CTR mélòó ló tó fún ìpolówó orí sóṣà mídíà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Facebook àti Instagram ni mo fi ń polówó ọjà. Mo kà á pé CTR (click-through rate, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n tẹ ìpolówó nínú ọgọ́rùn-ún ìfarahàn) tí kò bá pé 1% kò dára, 0.8% sì ni tèmi. Ṣé kí n dá ìpolówó náà dúró ni?

Ẹ má tíì dá a dúró. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa: CTR wo lẹ kà?

Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá. Ẹ mú iye ìgbà tí wọ́n tẹ ìpolówó yín, ẹ fi iye ìgbà tó fara hàn pín in, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bó bá fara hàn ní ìgbà 12,000, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 96, 0.8% nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní títẹ̀.

Nínú Ads Manager, níbi tí ẹ ti ń ṣètò ìpolówó yín, ẹ óò rí CTR tí wọ́n kọ "all" sí lára. Ìyẹn ń ka gbogbo ìka tó bá kan ìpolówó: ẹni tó tẹ "See more" kó lè ka ọ̀rọ̀ tó kù, ẹni tó fi like sí i, ẹni tó kọ kọ́méǹtì, ẹni tó tẹ orúkọ ojú ewé yín, ẹni tó tẹ fọ́tò kó lè tóbi. CTR kejì, èyí tí wọ́n kọ "link" sí, kò ka èyíkéyìí nínú wọn àfi àwọn tó tẹ lìǹkì. Ẹ̀kẹta wà tí wọ́n ń pè ní outbound: àwọn tó tẹ lìǹkì tó mú wọn kúrò lórí Facebook tàbí Instagram pátápátá ló ń kà. Ìpolówó kan náà lè ní 2.4% ní all, kó ní 0.8% ní link, kí outbound tún kéré sí i. Bó bá jẹ́ pé all ni ẹni tó kọ 1% yẹn ń sọ, tí ẹ wá gbé link tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ lẹ fi ń wọn epo yẹn. TikTok náà pín tirẹ̀ sí méjì báyìí, destination àti all.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ tẹ Columns, kí ẹ yan Customize columns. Ẹ mú Impressions (ìfarahàn), Link clicks, CTR ti link, Outbound clicks, Landing page views (iye ìgbà tí ojú ewé yín ṣí fún àwọn tó tẹ lìǹkì) àti Frequency (iye ìgbà tí ẹnì kan rí ìpolówó, ní ìpíndọ́gba). Ẹ fi ètò náà pamọ́ kí ẹ má baà máa tún un ṣe lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, CTR ti link nìkan ni kí ẹ máa fi wé ti ẹlòmíì, ìyẹn tí ẹ bá sì mọ̀ dájú pé link ni tirẹ̀ náà.

Níbo gan-an làwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé kiri wọ̀nyí ti ń wá? Kò sí méjì tó bára mu nínú àwọn tí mo rí.

Wọn ò lè bára mu, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ka ti àwọn oníbàárà tirẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n ti tọ́ka sí jù ni ti ilé iṣẹ́ WordStream ní 2017, tó gbé ìpíndọ́gba Facebook sí 0.90%. Inú ìwádìí kan náà yẹn ni ẹ óò ti rí i pé àwọn agbẹjọ́rò ní 1.61%, àwọn tó ń ta ọjà ní 1.59%, àwọn tó ń polówó iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì ní 0.47%. Ti agbẹjọ́rò ju ìlọ́po mẹ́ta ti elétò ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń polówó ẹ̀kọ́ṣẹ́, tó wá ń fi 0.90% dá ara rẹ̀ lóró, ìyà tí kò tọ́ sí i ló ń jẹ. Amẹ́ríkà sì ni àwọn oníbàárà tí wọ́n kà nígbà náà ń gbé.

Nígbà tó yá, WordStream bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ìpolówó tó ń wá àbẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń gba orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà. Ní 2024, ti àkọ́kọ́ lé díẹ̀ ní 1.5%, ìkejì lé díẹ̀ ní 2.5%. Èyí wúlò ju ìpíndọ́gba kan ṣoṣo lọ, torí pé ohun tí ẹ ní kí Meta, tó ni Facebook àti Instagram, bá yín wá ló ń pinnu irú ẹni tó máa fi ìpolówó hàn. Bí ẹ bá yan Awareness, ìyẹn kí àwọn èèyàn kàn mọ̀ yín, ó máa wá ẹni tí owó àtifi hàn án kéré, yálà onítọ̀hún ń tẹ lìǹkì ni o tàbí kì í tẹ̀ ẹ́. CTR á kéré, kò sì sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ti LinkedIn máa ń wà ní nǹkan bí ìdajì 1%. Kí ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ Facebook bọ́ síbẹ̀ má ṣe jáyà.

Olóòtú, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, CTR mi jẹ́ 1.3%. Ọ̀sẹ̀ yìí ó já sí 0.9%. Ìgbà 10,000 ló fara hàn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan.

A mọrírì bí ẹ ṣe fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ tẹ Breakdown, kí ẹ yan Placement, kí ẹ lè rí ibi tí ìpolówó ti jáde. Ohun tó wà nínú tiyín rèé:

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Feed, ìfarahàn 8,000, títẹ̀ 120, ìyẹn 1.5%. Stories, ìfarahàn 2,000, títẹ̀ 10, ìyẹn 0.5%.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Feed, ìfarahàn 3,000, títẹ̀ 48, ìyẹn 1.6%. Stories, ìfarahàn 7,000, títẹ̀ 42, ìyẹn 0.6%.

Ẹ tún un wò. Feed gòkè, Stories náà gòkè, àpapọ̀ wọn ló já. Ìpolówó yín kò bà jẹ́ rárá. Ńṣe ni ètò Meta kó ìfarahàn púpọ̀ kúrò ní Feed lọ sí Stories, níbi tí àwọn èèyàn kì í ti í tẹ lìǹkì púpọ̀. Ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí owó ìfarahàn bá kéré níbẹ̀. Nítorí náà, iye tí títẹ̀ kan ná yín ni kí ẹ wò báyìí. Bí ìyẹn bá wálẹ̀, àǹfààní lẹ jẹ. Bó bá gòkè, ẹ lè dín Stories kù.

Feed ni kí ẹ máa fi wé Feed, kí ẹ fi Stories wé Stories. Ìgbà tí CTR Feed fúnra rẹ̀ bá ń já lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí Frequency sì ń gòkè, ìyẹn gan-an ló yẹ kó ká yín lára: àwọn kan náà ló ń rí i lárìíìrí, ó sì ti sú wọn. Àwòrán àti gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ má máa tún un ṣe lójoojúmọ́ o. Àtúnṣe ńlá máa ń dá ètò náà padà síbi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, níbi tó ti ń kọ́ ẹni tó yẹ kó fi ìpolówó hàn, ó sì ń fẹ́ nǹkan bí àṣeyọrí 50 (ohun tí ẹ ní kó wá) láàárín ọjọ́ 7 kó tó dúró dáadáa.

Ibì kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ: Audience Network, ìyẹn inú àwọn áàpù ẹlòmíì. CTR ibẹ̀ lè ga gan-an torí pé ìka ẹni tó ń ṣeré géèmù ṣèèṣì kàn án. Bí títẹ̀ bá pọ̀ níbẹ̀ tí Landing page views ò tẹ̀ lé e, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán lọ máa ń jẹ́ kí Facebook dín ìpolówó kù?

Òfin yẹn ti kúrò nílẹ̀ láti 2020. Àmọ́ ojú fóònù kéré, ọ̀rọ̀ jáńtírẹrẹ lórí àwòrán kì í ṣeé kà. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè àwòrán ni kí ẹ fi ṣàlàyé, kí kókó rẹ̀ sì wà láàárín lẹ́tà 125 àkọ́kọ́, kó tó di pé "See more" bo èyí tó kù.

Mo gbé àwòrán méjì jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fara hàn ní ìgbà 2,000. Títẹ̀ 20 ni ti àkọ́kọ́, 30 ni ti ìkejì. Mo ti fẹ́ kó gbogbo owó sórí ìkejì. Ṣé mo tọ̀nà?

Ó yá jù. 1% àti 1.5% jọ ohun tó jìnnà síra, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòńgẹ́ lásán.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Ẹ kọ iye títẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ tẹ bọ́tìnnì √, kí ẹ sọ ìdáhùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ti 20 á fún yín ní nǹkan bí 9. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá tún un ṣe, ó lè bọ́ síbikíbi láàárín 11 sí 29. Ti 30 fún yín ní 11: 19 sí 41. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì gun ara wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Bí ìfarahàn bá dé 10,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí títẹ̀ wá jẹ́ 100 àti 150, ti àkọ́kọ́ á wà láàárín 80 sí 120, ti ìkejì láàárín 126 sí 174. Wọ́n ti yà síra nìyẹn, ẹ lè pinnu. Ìwọ̀n yìí le díẹ̀, àmọ́ kó le sàn ju kó tàn yín jẹ lọ.

A/B test inú Ads Manager ni kí ẹ lò, torí ó ń pín àwọn èèyàn sí méjì kí ẹnì kan má baà rí àwòrán méjèèjì. Bí ẹ bá kàn kó wọn sínú ad set kan (àkójọ ìpolówó kan náà), ètò náà lè tètè yan ọ̀kan láàyò, kó má fún èkejì láǹfààní.

CTR mi wọ 3%, gbogbo èèyàn ló ń kí mi kú oríire. Ọjà ò tà. Kí ló dé?

Ẹ fi Link clicks wé Landing page views. Píìsẹ̀lì Meta (kóòdù kékeré tó ń ka àwọn tó wọ sáìtì) gbọ́dọ̀ ti wà lórí sáìtì yín kí èyí tó ṣeé kà. Bí títẹ̀ bá jẹ́ 300, tí àwọn tí ojú ewé ṣí fún jẹ́ 140, ojú ewé yín ló ń falẹ̀, wọ́n sì ń padà lẹ́yìn kó tó ṣí. Google ní kí ohun tó tóbi jù lójú ewé hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Àwòrán tó wúwo ni kí ẹ kọ́kọ́ fún mọ́ra.

Bí iye méjèèjì bá súnmọ́ra, ìlérí inú ìpolówó ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ìpolówó tí kò sọ iye owó, tó kàn ní "ẹ wá wo ohun tó wà níbí", á kó àwọn òǹwòran lásán wá. Ká ní ìfarahàn 10,000: 3% á mú èèyàn 300 wá, tí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún bá rà, èèyàn 3 ló rà. Ẹ wá kọ iye owó ọjà àti ẹni tó wà fún sí ojú ìpolówó. CTR lè já sí 1.2%, èèyàn 120 péré. Bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá rà, èèyàn 6 nìyẹn, lórí iye ìfarahàn kan náà.

Kí ẹ sì wo ohun tí ẹ yàn nígbà tí ẹ ń ṣètò rẹ̀. Bó bá jẹ́ Traffic, àwọn tó fẹ́ràn àti máa tẹ lìǹkì ni Meta ń wá fún yín, ohun tí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún náà nìyẹn. Ẹ yan Sales, kí ẹ fi Purchase ṣe ohun tó máa lépa. Bí àwọn tó ń rà ò bá tíì pọ̀ tó kó fi kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ fi Add to cart (fífi ọjà sínú apẹ̀rẹ̀) bẹ̀rẹ̀.